Omi Tí Àlejò Náà Kò Mu

Òjò ti ń rọ̀ ní àdúgbò Adéwọlé láti ìgbà ìrun Ọ̀sán, gbogbo ẹnu ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, síbẹ̀ bàtà tí àlejò náà bọ́ sílẹ̀ gbẹ táútáú. Rahama rí i. Ó kọ́kọ́ rò pé mọ́tò ló já a sílẹ̀, àmọ́ kò gbọ́ ìró mọ́tò kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ṣí géètì fún un.

“Abdulmumini ni mí,” ni ọkùnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ nínú mọ́ṣáláṣí. “Èmi àti ọkọ rẹ la jọ kọ́ iṣẹ́ kọ́ìnì. Ìyàwó wa, fún mi lómi.”

Rahama kò rí i rí. Orúkọ náà nìkan ló máa ń gbọ́ lẹ́nu Haneef, ọkọ rẹ̀. Ó bu omi sínú ife funfun kan fún un. Ọkùnrin náà gbà á, ó gbé e sórí itan, kò sì mu ún.

Ẹ má bá Rahama wí bó bá ń fura sí gbogbo ayé. Láti oṣù mẹ́rin tí Haneef ti kú nínú jàǹbá mọ́tò lọ́nà Ọ̀fà, kò sí ẹni tó wá kí i tí ojú rẹ̀ kì í yí ilé ká. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Haneef, tó ń tún fóònù ṣe ní Táíwò Road, ti kó gbogbo ohun tí wọ́n ní sínú bítíkọ́ìnì, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, títí kan owó ilẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ tà. Kì í ṣe owó báǹkì tí opó lè gbé ìwé ẹ̀rí ikú lọ gbà. Ọ̀rọ̀ òyìnbó méjìlá péré ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n ní títẹ̀léra ló lowó. Bí wọ́n bá sọnù, kò sí ẹni téèyàn máa bẹ̀. Fóònù Haneef ti rún mọ́ inú mọ́tò, onílé sì ti ní kí Rahama àti Huda, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún, kó jáde kí oṣù tó parí.

“Ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ògiri, lójú gbogbo ayé,” ni Haneef máa ń wí, á sì rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó ti bàjẹ́ tán ló yé Rahama. Ọmọ àfáà ni Haneef. Kò kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí bébà. Ó fi tàdáwà, yíǹkì dúdú àwọn àfáà, kọ ọ́ sára wàláà, pátákó tó fi kọ́ kéwú ní kékeré, ó sì fi lẹ́tà kéwú kọ ọ́, kí olè tó bá rí i lè rò pé àdúà ni. Olè kò wá. Ìyàwó rẹ̀ gan-an ló rò bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ara Huda gbóná bí iná. Rahama wo wàláà lára ògiri, ó ní hàntú, àdúà tí wọ́n ń fọ̀ mu, ni Bàbá Huda kọ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó da omi sí i, ó fọwọ́ fọ gbogbo rẹ̀ sínú abọ́, ó sì fún ọmọ mu. Ara ọmọ balẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Láti ìgbà náà ni Huda ti ń sọ̀rọ̀ lójú oorun ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ni, wọ́n ń já lu ara wọn, kò ṣeé tò. Ìgbà tí Rahama gbọ́ wọn ló mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ Haneef lòun fọ̀ fún ọmọ mu, ó sì ká ọwọ́ lérí.

Kò sọ fún ẹnì kan. Àfáà Hámzàt, ẹ̀gbọ́n Haneef, ti béèrè wàláà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ni ó fẹ́ fi pátákó àtijọ́ ṣe? Rahama parọ́ fún un pé ó ti fọ́.

Àlejò náà wo Huda tó sùn sórí ẹní. “Ó ń sọ wọ́n lójú oorun, àbí?”

Rahama yíjú sí i. Kó tó lanu, ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè.

“Má sọ ọ́ fún mi. Má fi fóònù yà á, má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí o bá kọ ọ́ sí bébà, má jẹ́ kí èmi gan-an rí i. Èmi á kàn jókòó ni. Bí mo bá jókòó, ọmọ á máa sọ ọ́ bó ṣe tẹ̀ léra.”

Bí Haneef ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Ìyẹn ló tu Rahama lójú. Olè wo ló máa ní kí wọ́n fi nǹkan pa mọ́ fún òun?

Huda yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ketekete: orúkọ tí òyìnbó ń pe ọmọ òrukàn. Rahama kọ ọ́ sílẹ̀.

Ojoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àsárì ni ọkùnrin náà ń dé. Ife funfun yẹn náà ló ń gbà, kì í sì í mu ún. Ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, Rahama fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ní ọjọ́ keje, ọmọ kò jẹun mọ́. Rahama rà á lóògùn, ó ń tan ara rẹ̀ pé ẹ̀fọn ni. Ní ọjọ́ kọkànlá, ètè Huda ti bó, Rahama sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun ń kọ ló ń fa ibà yìí. Ó mọ̀, ó sì tún dúró de ọjọ́ kejìlá. Ojú ń tì í láti sọ ọ́ títí dòní.

Lọ́jọ́ kejìlá, Huda la ẹnu. Àlejò tẹ̀ síwájú lórí àga. Rahama rí i pé ètè tirẹ̀ náà ń mì, ó ń bá ọmọ la ẹnu pọ̀, bí ẹni tó fẹ́ gba oúnjẹ. Ẹ̀rù bà á dé egungun. Ó ju gègé nù, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

“Sàlámù àlékùn!” Ohùn Àfáà Hámzàt ni, lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Rahama wo ẹ̀yìn, àga ti ṣófo.

“Mo gbọ́ pé ara ọmọ kò yá,” ni Hámzàt wí. “Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Abdulmumini ni. Ọ̀rẹ́ Bàbá Huda.”

Hámzàt rọra jókòó sílẹ̀. “Rahama, a kò sọ ọ́ fún ọ nínú ọ̀fọ̀ rẹ: mọ́tò kan náà ni òun àti Haneef jọ wà. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wẹ òkú àwọn méjèèjì.”

Rahama bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé wàláà jáde lábẹ́ àpótí. Hámzàt gbà á, ojú rẹ̀ rọ̀. “Ti bàbá wa ni. Mo fẹ́ kí Huda fi bẹ̀rẹ̀ kéwú ni mo ṣe ń béèrè.” Ó ní ohun tí wọ́n fà jáde lára ọmọ gbọ́dọ̀ padà sí i. Ó po tàdáwà, ó kọ ọ̀rọ̀ mọ́kànlá náà padà sí i láti inú bébà Rahama, wọ́n fọ̀ ọ́, Huda sì mu ún. Rahama fi iná sí bébà fúnra rẹ̀. Kí Màgàrìbá tó dé, ara ọmọ ti tutù, ó ń béèrè búrẹ́dì. Kò tún sọ̀rọ̀ lójú oorun mọ́. Rahama gbìyànjú láti rántí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kò rántí.

Ìgbà tí Hámzàt lọ ni Rahama ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ife funfun náà lẹ́sẹ̀ àga. Ó kún. Omi inú rẹ̀ ti dúdú, ó ń rùn bíi tàdáwà.

Wọn kì í da hàntú sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn á ti tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Rahama sọ fún ara rẹ̀. Ó fi àwo bò ó, ó sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Ó ní òun á pe Hámzàt wá gbé e lọ. Kò pè é. Lọ́jọ́ kẹta, ìwé onílé tún dé.

Lánàá, Rahama jí lójú oorun ọ̀sán, ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, ara rẹ̀ sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Àga wà nídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò rántí pé òun gbé e síbẹ̀. Ó gùn ún, ó ṣí àwo. Ife náà ṣófo. Ó lọ síwájú dígí, ó la ẹnu, ó sì rí i pé ahọ́n òun dúdú bíi tàdáwà.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán. Ẹnì kan ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyàwó wa,” ni ohùn náà wí, “fún mi lómi.”