Ẹni Tó Kí Páálí Láàárọ̀

Tí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó mọ èèyàn kí, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Télọ̀. Ẹ jókòó, "Ẹ kú ìjókòó." Ẹ dìde, "Ẹ kú ìnàró." Ká ní mímí lásán ni ẹ̀ ń mí, á wá ìkíni kan fún un.

Àmọ́ ọkùnrin kan ń sùn níta ṣọ́ọ̀bù yẹn, lórí páálí, tí kò gba ìkíni kankan lẹ́nu rẹ̀ rí. Páálí náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Láràárọ̀, Ìyá Télọ̀ á da omi ọṣẹ sílẹ̀ láti fọ ìta, omi yẹn ló sì fi ń lé e dìde. Kò ní bú u, kò ní bá a jà, kò sì ní wojú rẹ̀.

Ìyá ọkọ Ìyá Télọ̀ nìkan ni kò fara mọ́ ìwà yìí. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni Màmá ń gbé, ojúmọ́ kan kò sì ní mọ́ kó má yọjú síta.

"Àbúrò mi, ṣé o sùn dáadáa?"

"A dúpẹ́, ìyá mi. Bẹ́ẹ̀dì mi le díẹ̀, àmọ́ kò ní ìdun."

Ọ̀rọ̀ kan náà ni lójoojúmọ́, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín bíi pé tuntun ni.

Ìyá Télọ̀ á máa ráhùn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́ ẹ bá ń kí i báyìí, kò ní kúrò níbí láéláé."

"Ìwọ tí o ò kí i, ṣé ó ti kúrò?"

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Màmá ti kí i, ó ti dáhùn, Màmá sì ti wọlé lọ wẹ̀. Nígbà tó ṣe, Ìyá Télọ̀ gbé garawa jáde. Ó da omi sílẹ̀. Omi dé ẹsẹ̀ Páálí, kò dìde. Ó ń sọ nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, itọ́ sì ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Ó ti mutí yó láàárọ̀ kùtùkùtù!"

Awakọ̀ kan tó wá gba ṣòkòtò rẹ̀ mi orí. "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ da ìyókù lé e lórí, ojú rẹ̀ á dá."

Ìyá Télọ̀ gbé garawa sókè.

"Gbé e sílẹ̀!" Màmá ló pariwo, aṣọ ìnura ṣì wà léjìká rẹ̀. "Ọkùnrin yìí kì í mutí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ ni!"

"Màmá, ẹ wò ó, kò lè dúró!"

Ọlọ́run ló yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì kan tó wá wọn aṣọ rẹ̀ wò dé lásìkò yẹn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rẹ́rìn-ín fún mi."

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan gòkè, ìkejì wọ́lẹ̀.

"Ẹ na ọwọ́ méjèèjì."

Ọwọ́ kan nà, ìkejì já bọ́.

"Kì í ṣe ọtí. Rọpárọsẹ̀ ni! Ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan ọpọlọ rẹ̀. Oògùn kan wà tó lè ràn án lọ́wọ́ tá a bá tètè dé ilé ìwòsàn, àmọ́ dókítà máa fẹ́ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá?"

Awakọ̀ ń wo bàtà rẹ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì ní òun rí i, àbí páálí lòun rí, òun ò mọ̀.

"Mo fò ó kọjá nígbà tí mo ń ṣílẹ̀kùn," ni Ìyá Télọ̀ wí. "Mi ò wò ó."

"Èmi ni," ni Màmá wí. "Aago ilé ìwé ń dún lọ́wọ́ nígbà tó sọ̀rọ̀ ìdun fún mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá ṣáká."

"Ẹ ṣeun, Màmá! Ọkọ̀ dà?"

Awakọ̀ fà sẹ́yìn. "Ìjókòó ọkọ̀ mi... mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni."

Ìyá Télọ̀ sáré wọlé. Aṣọ tó fẹ́ gé lórí tábìlì ló fà jáde, ó sì tẹ́ ẹ sórí ìjókòó ọkọ̀ náà. "Ó ti tán! Ṣílẹ̀kùn!"

Jálẹ̀ ọ̀nà, Màmá di ọwọ́ tó ṣì lágbára mú, ó ń pe orúkọ rẹ̀, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. A ò ní kọ ọ́ síbí, nítorí tirẹ̀ ni. Nínú gbogbo àdúgbò, Màmá nìkan ló béèrè rẹ̀ rí.

Dókítà béèrè ìbéèrè kan náà. Wọ́n ní èsì. Oògùn wọlé lásìkò.

Nígbà tí Ìyá Télọ̀ lọ wò ó, ẹnu tó mọ èèyàn kí kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú ń tì í.

"Ẹ... ẹ kú ìrọ́jú, sà."

Ọkùnrin náà wojú rẹ̀. Ó wá ń fa ọ̀rọ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Bẹ́ẹ̀dì... ibí... rọ̀."

Ìyá Télọ̀ bú sẹ́kún. "Ìdun ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má fo ọmọ èèyàn bí ẹni fo gọ́tà. Ẹni tí kò nílé ní orúkọ. Ẹ béèrè rẹ̀. Tí ẹ ò bá ní nǹkan kan tẹ́ ẹ máa fún un, ẹ wojú rẹ̀, kẹ́ ẹ kí i. Tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí ọwọ́ kan kò gbé, ẹ má pè é ní ọ̀mùtí, ẹ má sì fún un ní ohunkóhun mu. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Lọ́la, bí ẹ bá ń kọjá, ẹ kí i. Bó bá dáhùn, ẹ ti mọ̀ pé ó jí ire. Bí kò bá dáhùn, ẹ dúró.