Okùn Tí Wọ́n Fi Wọn Alààyè

Orí ni ó fi ru àga náà. Ó dojú rẹ̀ dé, ẹsẹ̀ mẹ́ta nà sókè bí ìwo, ẹsẹ̀ kẹrin wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọ̀pá àgbà. Òjò oṣù keje ń da Ajégúnlẹ̀ rú, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin yìí ń rìn bí ẹni tó dé adé. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyàndá káfíńtà ṣe kọ́kọ́ rí Morádéún, lọ́dún 1986. Ìfági tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dúró sórí pákó, kò lọ, kò bọ̀.

Friday tó ń ṣe bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rí i, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Oga Ìyàndá, close mouth o! Rain dey fall!"

Ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀ ni Ìyàndá ti ń ṣiṣẹ́: páànù mẹ́rin lókè, tábìlì iṣẹ́ kan nísàlẹ̀, èérún igi tó bo ilẹ̀ bí ẹní. Pákó àpótí tí wọ́n fi kó ẹrù wọ Àpápá ni ó máa ń rà, òun ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n pákó ìrókò mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú wà lókè àjà. Kò tíì sí iṣẹ́ tó yẹ wọ́n.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kàn án," Morádéún wí. "Ìṣó méjì á tó o."

Ìyàndá kò wo ẹsẹ̀ tó kán. Ibi ìjókòó ni ó ń fọwọ́ pa, níbi tí igi ti gbó sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Àga yìí kò ṣàìsàn. Ẹni tó ń jókòó sí i ló ń ṣàìsàn. Ìdí òsì ló ń gbára lé. Ẹ̀yìn ń dùn ún."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé wòlíì ni yín ni?"

"Káfíńtà ni mí. Igi ló sọ fún mi."

"Igi kò wá sọ fún yín pé òjò ń pa mí?"

Ìyàndá rẹ́rìn-ín, ó nu àpótí kan, ó sì fà á fún un kó jókòó.

Òótọ́ ni igi sọ. Bàbá Morádéún, Alàgbà Lásárù, ló ni àga. Akọ̀wé tó ń ka ẹrù ni í ṣe ní èbúté Àpápá, kí àpò sìmẹ́ǹtì tó já lù ú lẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Morádéún, ọmọ kan ṣoṣo, ń tẹ táípù ní ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road, ó sì ń tọ́jú bàbá rẹ̀ nílé wọn ní Àpápá.

Ó padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Ó padà wá lọ́sẹ̀ kẹta.

"Kí ló tún kán, Àǹtí Morádéún?"

"Kò sí ohun tó kán. Ṣé dandan ni kí nǹkan kán kí n tó wá?"

Sàlímọ́tù, ìyá Ìyàndá, gbọ́ èyí láti ibi ìdáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀: "Ìyàndá ọmọ mi! Ọmọ agégi-má-fi-ṣòfò. Ọmọ a-sọ-pákó-dìtẹ́ fún arúgbó. Èyí tó wọlé yìí, má jẹ́ kó jáde o!" Morádéún fi ìborùn bo ojú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí Alàgbà Lásárù, ó na ìka mẹ́ta sókè. "Káfíńtà! Mùsùlùmí! Ajégúnlẹ̀! Ìwọ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ pọ̀?"

Ìyàndá kò bínú. Ó gbé ìrókò bàbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó fẹ́ ṣe àga tí yóò gbá ẹ̀yìn àgbàlagbà náà mú, kí ó lè jókòó gba ìsìn parí láìké ìrora. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀yìn náà ti tẹ̀.

"Kò ní jẹ́ kí ẹ súnmọ́ òun," Morádéún wí. "Tó bá jẹun ọ̀sán tán ní Sátidé, ó máa ń sùn. Ẹ wá nígbà náà."

"Háà. A kì í wọn alààyè ní ìdùbúlẹ̀. Òkú là ń wọ̀n bẹ́ẹ̀."

"Kò ní mọ̀. Nítorí tèmi, olówó orí mi."

Ìfẹ́ a máa di ènìyàn létí. Ní Sátidé, Ìyàndá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sùn, ó ta okùn láti èjìká dé ìbàdí. Ó so kókó kan. Ó so èkejì. Nígbà tó ń so ẹ̀kẹta, ojú Alàgbà là.

"Jésù! Okùn! Káfíńtà ń wọ̀n mí fún pósí!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àga ni mo fẹ́—"

"Lásárù ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì wọ sàréè! Ta ló pè ọ́ wá sínú ilé mi?"

Morádéún dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife omi. Ìyàndá wò ó. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lórí ahọ́n Morádéún: *Èmi ni.* Ojú bàbá rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ọ̀rọ̀ méjì náà kò jáde.

Ìyàndá dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni mo pe ara mi, bàbá."

Alàgbà fa Bíbélì yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. "Morádéún, gbé ọwọ́ lé e. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá wà nínú mi, o kò ní fẹ́ ọkùnrin yìí."

Ó búra.

Ìyàndá ṣe àga náà tán kí oṣù méjì tó pé, ó fi àpò bò ó, ó sì gbé okùn kọ́ ara ògiri. Ní Àpápá, Morádéún ń gbàdúrà láràárọ̀ kí bàbá òun pẹ́ láyé, òótọ́ inú rẹ̀ ló sì fi ń gbà á. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé gbogbo ọdún tí Olúwa bá fi kún ti bàbá òun, ara tòun ni ó ti ń yọ ọ́. Ephraim, akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì, wá tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Morádéún ní rárá lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún karùn-ún Sàlímọ́tù kú. Morádéún wá kí wọn lọ́jọ́ fìdáù.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

"Ìyá mi béèrè rẹ títí ẹnu fi kú," Ìyàndá wí. "N kò ní kí o da ẹ̀jẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ń retí. Kí bàbá rẹ ṣáà mọ̀ pé èmi kọ́ ni mò ń wá ikú rẹ̀."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ti ń bà ọ́ fún ọdún márùn-ún."

Ó lọ láìjókòó. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ìdákẹ́ ńkọ́? Òun kò sá, ta ni yóò lé e?

Ẹ̀yìn Alàgbà ń burú sí i, ara rẹ̀ sì ń sún kì. Ní ọdún 1994, kò lè jókòó gba ìdajì ìsìn mọ́. Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n bá ń gbàdúrà nínú ilé, ó máa ń fi ẹ̀bẹ̀ kan kádìí rẹ̀: "Ẹni tó wọ̀n mí fún ikú, Olúwa, fi ìwọ̀n kan náà wọ̀n ọ́n." Morádéún a sì dáhùn pé, "Àmín." Ọdún mẹ́jọ ló fi ń ṣe àmín sí i.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Morádéún kò ṣe àmín náà.

"N kò gbọ́ ohùn rẹ," bàbá rẹ̀ wí.

"Bàbá, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo pè é. Àga ló fẹ́ ṣe fún yín. Èmi ni mo ní kó wá nígbà tí ẹ bá sùn. Tẹ́ ẹ bá ń ṣépè, èmi lẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ fún."

Alàgbà Lásárù kọ ojú sí ògiri. Ní ọjọ́ kẹrin, láìyí padà, ó ní: "Ṣé ó ṣe àga náà?"

"Ó ṣe é, bàbá."

"Lọ pè é."

Orí ni Ìyàndá fi ru àga ìrókò náà láti Ajégúnlẹ̀ dé Àpápá. Ewú ti gba ẹ̀bátí rẹ̀. Wọ́n gbé Alàgbà jókòó sínú rẹ̀. Ibi tí igi ti rọra yọ síwájú láti gbé ìbàdí ró, èjìká ni ó kàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀.

"Ó tóbi jù mí lọ."

"Ìwọ̀n yín ni, bàbá. Ti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn."

"Ọkùnrin tí o ṣe é fún ti lọ, nígbà náà." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa apá àga náà, ó pa á títí. "Èpè ni mo fi jẹ ẹ́ tán. Morádéún, ẹ̀jẹ́ tí mo so mọ́ ọ lọ́rùn, mo tú u. Ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin méjèèjì ẹ lọ bá Ọlọ́run sọ ọ́."

Kò sí ẹni tó hó ìhó ayọ̀. Morádéún ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ó wo ewú orí Ìyàndá, ó rántí obìnrin tó ń kígbe láti ibi ìdáná pé kí wọ́n má jẹ́ kí òun jáde, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, Ìyàndá."

"Mo ti ń foríjì ọ́ tipẹ́," ó wí. "Kò tíì tán ni. Ṣùgbọ́n n kò ní dáwọ́ dúró."

Ó yọ okùn láti inú àpò rẹ̀. Kókó mẹ́ta náà ti le bí èkùrọ́, eyín ni ó fi tú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún yín wọ̀n."

Alàgbà Lásárù na ọwọ́, ó gba etí okùn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú mọ́ èjìká.

"Wọ̀n mí dáadáa, àna mi."

Morádéún kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó fi ìka wá ibi tí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ti tẹ̀.

"Ibí ni," ó wí, ohùn rẹ̀ sì jáde ketekete.

Ìyàndá so kókó sí i.