Ṣúgà Inú Bẹ́rì

"Ó mà kan o!" Ọ̀rẹ́ Eèrà gbé ṣíbí kalẹ̀, ó fún ojú pọ̀. "Tá a bá gbé èyí síwájú èèyàn, wọ́n á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ ni."

Eèrà ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé ìwé, torí kì í jókòó sójú kan. Lọ́jọ́ náà, kíláàsì wọn ń pàtẹ oúnjẹ aṣaralóore fún àwọn òbí, èyí tó bá sì ta yọ ni yóò gba ẹ̀bùn. Èso bẹ́rì ni Eèrà mú wá, pupa fòò àti dúdú mìnìjọ̀, ó fi yógọ́ọ̀tì tí kò ládùn pò ó.

Ilé ló ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé bàbá rẹ̀, káfíńtà, ní àtọ̀gbẹ, nọ́ọ̀sì ní kí ó dágbére fún ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ó máa jẹ èso bẹ́rì níwọ̀nba, nítorí kì í tètè ti ṣúgà wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì dára fún ọkàn àti ikùn. Eèrà bá ń dá ọgbọ́n sí i. Lónìí, á wọ́n ọn sórí oúnjẹ ọ́ọ̀tì gbígbóná. Lọ́la, á jẹ́ kó dì nínú fíríìjì, kí bàbá máa lá a bí áísìkiriìmù nídìí iṣẹ́.

"Ṣúgà díẹ̀ péré," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ta ló máa mọ̀? Àbí eèrà wo ló ń sá fún ṣúgà?"

Eèrà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bùn náà ti wọ̀ ọ́ lójú. Ó ń wò ó níran títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi da ṣúgà sí i, tó rò ó pọ̀. Eèrà fúnra rẹ̀ ló wá ń kígbe pé, "Ẹ wá tọ́ ọ wò! Kò sí ṣúgà nínú ẹ̀ o!"

Èrò bò wọ́n bí eṣú. Tíṣà pàápàá tọ́ ọ wò, ó ní kò tíì sí irú ẹ̀. Ibi tí inú wọn ti ń dùn ni bàbá ti wọlé, eruku pákó lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó mú ife kan.

"Ọmọ mi ló ṣe é," ó ń sọ fún ẹni tó dúró tì í. "Òun ló ń tọ́jú mi."

Ó gbé ṣíbí sókè.

"Bàámi, ẹ má jẹ ẹ́! Irọ́ ni mo pa! Ṣúgà wà níbẹ̀!"

Bàbá dá ṣíbí padà sínú ife. Tíṣà yọ wọ́n kúrò nínú ìdíje lójú ẹsẹ̀, ọ̀rẹ́ Eèrà sì bú sẹ́kún pé òun lòun da ṣúgà sí i. Eèrà sún mọ́ Tíṣà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣòun nìkan. Èmi ni mo ń pariwo pé kò sí ṣúgà."

Bàbá fà á mọ́ra. "Ohun tẹ́ ẹ ṣe ò dáa. Àmọ́ kéèyàn fẹnu ara ẹ̀ tú àṣírí ara ẹ̀ lójú gbogbo ayé nítorí ẹlòmíì, àgbà mélòó ló láyà ẹ̀?"

Tíṣà mi orí pé òótọ́ ni, ojú rẹ̀ rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì fọ ìyókù bẹ́rì, wọ́n gbé e kalẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i. Bàbá ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbádùn ẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì náà na ọwọ́. Àwọn kan fún ojú pọ̀, àwọn mìíràn ní kí wọ́n bù sí i.

Ẹlòmíràn ló gba ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n Eèrà ti kọ́gbọ́n: ìyìn kankan ò tó ohun téèyàn ń tìtorí ẹ̀ fi ẹ̀mí ẹni tó fọkàn tán an ṣeré.