Àga Òfìfo Inú Síkánà

Bí ẹ bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, ẹ dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Erio, kí ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tí Babájídé tì pa. Ọ̀sán gangan ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀.

Ìwé ètò ìsìnkú ni Babájídé ń tẹ̀. Ìyá tó bí i ń ṣàìsàn ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin yìí sì ti ń wá fọ́tò tí yóò lò fún ìsìnkú màmá. Ó rí ọ̀kan tó dára. Màmá jókòó sórí àga, ó gbé Ayọ̀bọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Babájídé bí, lé itan.

"Èèwọ̀!" ni Tinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí. "A kì í gbẹ́ sàréè de ẹni tó ń mí."

"Ṣé kí n máa sáré kiri lọ́jọ́ tó bá kú ni?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkà! Màmá sì ń gbọ́.

Síkánà rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé fọ́tò wọ kọ̀ǹpútà, ti gbó, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò dá a mọ̀ mọ́. Ló bá ra kọ̀ǹpútà kékeré kan, pátákó pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó fi wáyà so ó mọ́ síkánà. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ọrùn ń ro ó. Lójijì, iná tàn. Síkánà kùn wọ̀ọ̀ọ̀. Ó dákẹ́.

Ó ki fọ́tò màmá bọ̀ ọ́. Àga lásán ló jáde. Kò sí màmá, kò sí ọmọ.

Ó tún wáyà so. Àga lásán. Ó wá ki fọ́tò bàbá kan tí wọ́n sin lóṣù tó kọjá bọ̀ ọ́. Bàbá yọ kedere, títí kan ilà ojú. Ó ki fọ́tò ìgbéyàwó tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Òun kò sí níbẹ̀, Tinúkẹ́ kò sí níbẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó ti kú nìkan ló dúró, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ló yé e. Òkú nìkan ni síkánà yìí ń rí.

Ẹlòmíràn ì bá fọ́ ọ mọ́lẹ̀. Babájídé kò fọ́ ọ. Àràárọ̀ ló ń ki fọ́tò màmá bọ̀ ọ́, bóyá ó ti tó àkókò. Bó bá rí àga lásán, á pòṣé.

"Jídé, ṣé mo ti yọ?" ni màmá máa ń béèrè láti yàrá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ó tún ki fọ́tò náà bọ̀ ọ́, ènìyàn yọ lórí àga. Kì í ṣe màmá. Ayọ̀bọ́lá ni. Ó jókòó síbi tí itan màmá ì bá wà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ náà wà nílé ìwé. Babájídé fi igbe ta. Kó tó dìde, ilẹ̀kùn ṣí.

"Dádì, ẹ káàsán."

Ayọ̀bọ́lá kúnlẹ̀, báàgì wà lẹ́yìn rẹ̀. Babájídé gbá a mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Ọrùn ọmọ gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbóòórùn ṣọ́ọ̀kì lára rẹ̀.

"O ti dé, ọmọ mi. O ti dé."

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Màmá gbórí sókè lórí ìrọ̀rí, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Jídé," ni màmá wí, "ta lò ń dì mọ́?"