Ewé Inú Kòtò Babai

Àtẹ́lẹsẹ̀ Ioteba ni Rateiti kọ́kọ́ rí, kí ó tó rí ojú rẹ̀. Ó ń ti etí òkun bọ̀ ní ìdájí, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tí orin ìyìn kan bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti òkè, bí ẹni pé áńgẹ́lì kan ló tètè jí. Ó gbójú sókè. Lórí igi àgbọn tó ga jù lọ lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ méjì tó le bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi dì mọ́ igi, ọkùnrin kan sì ń fi ọ̀bẹ ṣí ojú òdòdó àgbọn kí ẹmu lè máa kán sínú ìgò. Bí ó ti ń gé e ló ń kọrin.

Rateiti kò mọ ìgbà tí òun gbé ohùn kejì. Ilé akọrin ni wọ́n ti tọ́ ọmọbìnrin yìí dàgbà ní Tarawa, olú ìlú wa. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orin dákẹ́ lókè. "Ta nìyẹn?"

"Ẹ má bínú. Tíṣà tuntun ni."

"Tíṣà, ẹ rọra o. Bí ẹ bá tún gba orin mọ́ mi lẹ́nu báyìí, ìgò yìí á bọ́ lé yín lórí, wọ́n á sì ní èmi ni mo pa òṣìṣẹ́ ìjọba."

"Ẹ kọ ọ́ tán kí ẹ tó pa mí. Ẹsẹ ìkẹta ló kù."

Ó kọ ọ́ tán. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó bu ẹmu tútù sínú èèpo àgbọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ojú rẹ̀ kò sì kúrò nílẹ̀. Ẹmu náà dùn bí oyin. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀nà mìíràn tí Rateiti ń gbà lọ síbi iṣẹ́ mọ́.

Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán an wá ní erékùṣù Nonouti kò tóbi. Ìrẹsì àti ṣúgà tí ọkọ̀ òkun ń gbé wá ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ, bí ọkọ̀ bá sì pẹ́, ebi ni wọ́n fi ń kàwé. Ìjọba ti ní kí ilé ẹ̀kọ́ máa se oúnjẹ ilẹ̀ wa, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń gbìn ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Rateiti rí ọmọbìnrin kan, Teeia, tó kọjú sí ògiri, tí ó fi yẹ̀rì bo ohun kan mọ́ ẹsẹ̀.

"Kí lo bò mọ́lẹ̀ yẹn?"

"Kò sí nǹkan, Tíṣà."

Gbẹ̀rẹ̀fútù sísun ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ilé wọn ò ní ìrẹsì ni." Ọmọ náà sunkún láìdún, oúnjẹ sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Rateiti sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ioteba lábẹ́ igi àgbọn. "Mo fẹ́ kí wọ́n gbin babai, kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n má tijú rẹ̀. Ẹ wá kọ́ wọn fún mi."

Ioteba rẹ́rìn-ín títí ó fi rí i pé kì í ṣe àwàdà. "Bó bá jẹ́ ẹja ni ẹ ní kí n kọ́ wọn, mà á wá lónìí. Babai kẹ̀?"

Kókò ńlá inú kòtò omi ni babai, ìyì ilé kọ̀ọ̀kan sì ni. Ohun tí ilé kan fi ń bọ́ ti wọn, wọn kì í sọ fún aládùúgbò. Babai ilé Kabunare, bàbá Ioteba, ló máa ń tóbi jù tí a bá gbé oúnjẹ wọ maneaba, gbọ̀ngàn ìpàdé wa. Bí Kabunare bá wà nínú kòtò tí ẹlòmíràn yọjú, yóò jókòó lé ewé rẹ̀ lórí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹja.

"Ṣé èmi náà ni aládùúgbò?" Rateiti bi í.

"Ẹ̀yin lẹ burú jù níbẹ̀. Ẹ ní ìwé àti ẹnu."

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ń dàgbà. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "ìwọ" láàárín wọn, tí Tíṣà sì di "ọ̀wọ́n mi". Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ioteba mú un lọ sí kòtò bàbá rẹ̀. Ó ṣí ìdí babai kan: apẹ̀rẹ̀ imọ̀ àgbọn ni wọ́n hun yí i ká, ewé igbó tí à ń pè ní kaura ló wà nísàlẹ̀, ewé gbẹ̀rẹ̀fútù tẹ̀ lé e, ilẹ̀ dúdú sì bò wọ́n.

"Ìyá bàbá mi ló fi lé wa lọ́wọ́. Mo fi hàn ọ́ nítorí pé mo fẹ́ kí á jọ máa bọ́ ọ títí a ó fi darúgbó. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo ṣèlérí níwájú Ọlọ́run. Àbí o ń tọrọ mi ni?"

"Mo ń tọrọ rẹ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá bí mo ṣe máa sọ fún bàbá mi."

Kò tíì rí ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ nígbà tí obìnrin alábẹ̀wò kan ti Tarawa dé. Ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì, òórùn ìrẹsì sì ń gba fèrèsé wọlé.

"Tíṣà, ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti kọ̀wé sí yín nípa oúnjẹ ilẹ̀ wa. Kí ni àwọn ọmọ yìí ti kọ́?"

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ojú ti Rateiti débi pé ọrùn rẹ̀ gbóná. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya kòtò, ó ya apẹ̀rẹ̀, ó ya ewé lórí ewé, ó sì ń dárúkọ wọn. Alábẹ̀wò pàtẹ́wọ́. "Ẹ lọ gbìn ín lónìí, ẹ̀yin ọmọ." Wọ́n gbìn ín lóòótọ́, nínú kòtò àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

Nígbà tí ó ku òun nìkan, Rateiti nu pátákó náà títí apá fi ń ro ó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò nu orí àwọn ọmọ?

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Uriam, àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ ti ń bá ilé Kabunare du ipò láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wúkọ́. "Kabunare, mo gbọ́ pé kaura lẹ fi ń ṣáájú. Àwa ti rò pé àdúrà ni."

Gbogbo maneaba rẹ́rìn-ín. Kabunare wo ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni mo sọ ọ́, Bàbá," ni Ioteba wí. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Bàbá arúgbó náà dìde kúrò ní ìdí òpó tí àwọn baba rẹ̀ ti ń jókòó, ó sì lọ jókòó sí etí gbọ̀ngàn, níbi tí àwọn ajá ń sùn sí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹmu ń kán, orin kò sí. Rateiti dúró lábẹ́ igi títí Ioteba fi sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà," ni ó wí, ó sì gbé ìgò rẹ̀ kọjá.

"Ẹ" yẹn gún Rateiti lọ́kàn ju èpè lọ. Nínú ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ó ṣí ìwé orin, kò lè gbé ohùn. Bí wọ́n ti ka ìtàn Ádámù àti aya rẹ̀, ó bo ojú. Àwọn yẹn fi ewé bo ìtìjú ara wọn. Òun fi ewé tú ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ síhòòhò níwájú ìlú, nítorí pé kò fẹ́ kí ojú ti òun níwájú àlejò kan.

Nígbà tí àwọn àgbà tún pé, ó bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ òrùlé maneaba, ó sì kúnlẹ̀ sí ibi tí àlejò ń jókòó. Ọ̀gá rẹ̀ fà á láṣọ, "Má ṣe é, wọ́n á fi ọ́ ṣẹ̀sín." Ó tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀.

"Ioteba kò tú àṣírí ilé yín fún ìlú. Èmi nìkan ni ó fi í hàn, mo sì búra. Mo da ìbúra mi nítorí kí ẹnì kan lè yìn mí. Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí ẹnì kan, èmi rèé. Ẹ jẹ́ kí Bàbá padà síbi òpó rẹ̀."

Ìyá àgbà kan pòṣé. Rateiti kò gbé ojú sókè kúrò lórí ẹní.

"Kí lo kọ́ wọn?" Ohùn Kabunare ni, láti ọ̀dọ̀ àwọn ajá.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ."

"Gbogbo ọmọ abúlé ti gbọ́. Èmi nìkan ló kù."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. "Apẹ̀rẹ̀ imọ̀. Ewé kaura tútù. Ewé gbẹ̀rẹ̀fútù..."

"Tútù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n já a, wọ́n sì dì í síbẹ̀."

Kabunare ti dìde. "Àwa kì í fi í síbẹ̀ àfi bí oòrùn bá ti pa á gbẹ! Ooru á se babai náà bí ọbẹ̀. Ó máa rà, wọ́n á sì máa wí káàkiri erékùṣù pé babai ilé Kabunare nìyẹn." Ó ti jáde. Ìtìjú tuntun yìí ti borí ti àtijọ́, gbogbo maneaba sì dà tẹ̀ lé e.

Pẹ̀lú aṣọ ìpàdé ló fi wọ inú kòtò ilé ẹ̀kọ́. Ó tú apẹ̀rẹ̀, ó sì pe Teeia tó sún mọ́ ọn. "Fọwọ́ kàn án. Ó gbóná àbí kò gbóná?"

"Ó gbóná, Bàbá."

"Kó ewé wọ̀nyí lọ sá sóòrùn. Ẹ̀yin yòókù, ẹ wọlé wá. Ta ló bẹ̀rù ẹrẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Uriam na ọrùn láti òkè. "Kabunare, sọ̀rọ̀ sókè, a ò gbọ́."

"Lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ."

Rateiti dúró lórí bèbè ní òun nìkan. Nígbà tí arúgbó náà gòkè, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí. Ohun ilé wa kì í jáde nílé. Ó ti wà lórí rẹ, mi ò sì lè yọ ọ́. Ó ku ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò fi ní í wà níta." Ó yíjú. "Ioteba, ṣé o rí ọ̀nà náà àbí kí n fà ọ́ débẹ̀?"

"Gbogbo ọmọ yìí wá ńkọ́?" ni Uriam bi í. "Ṣé o máa gbé wọn níyàwó ni?"

"Ọmọ mi ni wọ́n láti òní lọ. Ta ló ní kí n má bọ́ ọmọ mi?"

Àwọn ènìyàn ń tú ká. Ioteba wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Mi ò yẹ," ni Rateiti wí.

"Mo mọ̀. Èmi náà ò yẹ. Mo ti ṣèlérí fún bàbá mi kí n tó gba ìlérí lọ́wọ́ rẹ." Ó wo inú kòtò. "Ó ṣì ń dùn mí."

"Mà á dúró títí yóò fi jiná."

"Babai kì í yá. A ti mọ bí a ṣe ń dúró níbí."

Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n se gbẹ̀rẹ̀fútù àti ẹja nílé ẹ̀kọ́, pẹ̀lú babai tí Kabunare hú láti inú kòtò tirẹ̀, kí babai àwọn ọmọ tó gbó. Teeia gbé àwo rẹ̀ sórí itan, ó sì kẹ̀yìn sí ògiri. Rateiti wò ó, ó sì rántí pátákó ìkọ̀wé, ojú sì tún tì í. Ìtìjú náà kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Bóyá Olúwa kò fẹ́ kí ó tètè fi í sílẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kéde ìgbéyàwó wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin tún jáde lórí igi àgbọn. Rateiti dúró nísàlẹ̀, bàtà lọ́wọ́, ẹnu ní pípadé. Ẹsẹ kìíní kọjá. Èkejì kọjá. Ní ẹnu ẹsẹ ìkẹta, orin dúró.

"Rateiti," ni Ioteba pè láti òkè, "ìwọ ni mò ń dúró dè."

Ohùn Rateiti gbọ̀n nígbà tó gbé e, ṣùgbọ́n ó gbé e.