Ìgò Tí Pius Fi Pamọ́ Sábẹ́ Ewé Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Pius kì í mutí yó. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ó ní oko kòkó ní Ajue, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀, ó sì ní òun mọ ìwọ̀n ara òun: ife méjì, ó parí. Bí o bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ṣẹ̀, yóò tọ́ka sí àwọn tó ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ní gáréèjì Òrè. Ó ní àwọn yẹn ni kí o lọ wàásù fún.

Olùkàwé mi, irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló máa ń dá mi lágara jù lọ. Ọ̀mùtí mọ̀ pé òun ti ṣubú. Ẹni tó gbà pé òun wà ní ìdúró, báwo la ṣe fẹ́ gbé e dìde?

Ọmọ kan ṣoṣo ni Pius bí, Ìyìnolúwa, ọmọbìnrin ọdún márùn-ún. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti Monílọ́lá ìyàwó rẹ̀ fi wá ọmọ náà kó tó dé. Nítorí náà, kò sí ohun tí bàbá yìí ń gbádùn tí kì í fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá òun gbádùn. Ọtí gidi kọ́ o. Ó ní òun kì í ṣe òmùgọ̀. Wáìnì tí kò ní ọtí nínú ló ń rà fún un láti Òrè, èyí tó máa ń wà nínú ìgò aláwọ̀ ewé ọlọ́rùn gígùn. Bí bàbá bá ti bu tirẹ̀, yóò bu ti ọmọ sínú gíláàsì kékeré. Wọn á kan ife mọ́ra, ọmọ á pariwo pé "Ṣíàsì!", bàbá á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ Monílọ́lá nínú.

"Bàbá Ìyìn, ọmọ yìí kì í mu omi mọ́ àfi tí mo bá bu ú sí gíláàsì. Lánàá, ó ní kí n wá kan ife mọ́ tòun. Ṣé bí a ó ṣe máa bá a lọ nìyí?"

"Wo ara ìgò," ni Pius wí. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Wọ́n ní kò sí ọtí nínú ẹ̀."

"Èmi ò bá ìgò jà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Pius tún gbé ìgò náà. Ó bu omíràn fún ọmọ.

Elisha, tí oko rẹ̀ bá ti Pius pààlà, tí wọ́n sì jọ dàgbà, náà sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ohun tó wà nínú ife ni mò ń wí. O ti kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń mutí tán. Ọtí nìkan lo yọ kúrò nínú ẹ̀kọ́ náà. Lọ́jọ́ tó bá wá rí ọtí, kí ló kù tí kò mọ̀?"

"Elisha, o fẹ́ sọ mí di ẹlẹ́ṣẹ̀ nítorí omi èso."

"Ìwọ gan-an nílò Jésù, Pius. Orin tí ò ń kọ kò lè gbà ọ́ là."

Pius bú sẹ́rìn-ín. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí n di gbogbo ẹ̀bi lé e lórí. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí wà níbi ọ̀wẹ̀ kòkó rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo rí i bí ọmọ yẹn ṣe ń kan ife mọ́ tàwọn àgbà kiri. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún pàtẹ́wọ́. Inú ṣì ń bí mi sí ara mi.

Lọ́dún yìí, ọ̀wẹ̀ náà tún dé. Àwọn aládùúgbò péjọ yí òkìtì kòkó ká, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń da hóró rẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Pius ti lọ gbé ògógóró nínú kẹ́ẹ̀gì láti Agbabu, torí ó fẹ́ kí olúkúlùkù àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mú ìgò kan lọ sílé. Níbo ló ti máa rí ìgò? Àwọn ìgò wáìnì Ìyìn wà nílẹ̀, Monílọ́lá ti fọ̀ wọ́n mọ́ fún epo pupa. Pius kó wọn, ó rọ ògógóró sínú wọn, ó sì tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ahéré níbi tí òòrùn kò dé.

Ìgò mẹ́rìnlá, gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ọmọ ọdún márùn-ún rí ohun tí bàbá rẹ̀ ti sọ fún un láìmọye ìgbà pé tirẹ̀ ni. Ta ló sọ fún un pé kì í ṣe tirẹ̀ mọ́?

Nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, Pius lọ sẹ́yìn ahéré láti mú ewé sí i. Ó bá Ìyìn nílẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọtí inú ìgò kan sì ti dín. Ó pè é, kò dáhùn. Ó gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ṣé o mọ ohun tí Pius kọ́kọ́ ṣe? Ó ti ìgò àti gíláàsì náà sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Jọ̀wọ́, tún gbólóhùn yẹn kà. Kó tó gbé ọmọ rẹ̀, ìgò ló kọ́kọ́ gbé.

Lẹ́yìn náà ló wá figbe ta: "Ibà o! Ibà ti gbé ọmọ mi dè!"

Mùkáílà, awakọ̀ kan tó wá kó gààrí lábúlé, da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi mọ́tò gbé bàbá àti ìyá àti ọmọ sáré dé ilé ìwòsàn kan ní Òrè. Nọ́ọ̀sì béèrè ìgbà tí ibà náà bẹ̀rẹ̀.

"Láti àná," ni Pius wí.

Monílọ́lá yíjú sí i. "Àná kẹ̀? Ọmọ tó ń fò kiri láàárọ̀ yìí?"

Pius fajú ro sí i. Nọ́ọ̀sì yínmú, ó ní, "Bàbá, ẹ ti mutí."

"Ife méjì péré ni, mà."

Báyìí ni òórùn ẹnu bàbá ṣe bo ti ọmọ mọ́lẹ̀. Ìtọ́jú ibà ni wọ́n ń múra rẹ̀ sílẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ọwọ́ Ìyìn ti tutù. Bó bá mí lẹ́ẹ̀kan, yóò pẹ́ kó tó tún mí. Pius jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó mọ ohun tó ń pa ọmọ rẹ̀, ó sì panu mọ́.

Elisha gun ọ̀kadà dé. Kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

"Mo rí ìgò kan lábẹ́ ewé, àti gíláàsì Ìyìn. Ta ló kó wọn síbẹ̀?"

Pius wolẹ̀.

"Ṣé dókítà ti mọ̀?"

"Elisha, rọra sọ̀rọ̀. Gbogbo ìjọ máa gbọ́. Kí ni wọ́n máa pè mí? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ikú ta ni?" ni Elisha wí. "Ikú tìẹ, àbí ikú Ìyìn?"

Pius fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Jésù ti ru ẹ̀sín tìẹ lórí igi, níhòòhò, níwájú gbogbo ayé. Kí lo tún ń bò? Mo ń wọlé lọ bá dókítà báyìí. Yálà kí o sọ ọ́, tàbí kí n sọ ọ́. Ìwọ ni bàbá rẹ̀. Dìde!"

Pius dìde. Dókítà ń tọ̀ ọ́ bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ara ọmọ yìí kò gbóná rárá, èyí kì í ṣe ibà. Ṣé ó mu nǹkan kan ni? Ta ló fún un?"

Ní gbogbo ọjọ́ ayé Pius, bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹlòmíràn ló bà á jẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, níwájú ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo èrò tó jókòó síbẹ̀, ó ní, "Ògógóró ni. Èmi ni, dókítà. Èmi ni mo kọ́ ọ, èmi ni mo tò ó síbi tó ti rí i, èmi náà ni mo tún purọ́."

Dókítà kò dúró gbọ́ tán. Ọtí náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà tán. Wọ́n fa omi oníṣúgà sí i lára kíá. Níta, Pius kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, Elisha kúnlẹ̀ tì í. Àdúrà náà kò gùn. "Jésù, èmi ni. Mo rò pé ẹni rere ni mí. Ṣàánú mi, gbà mí."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyìn lajú, ó sì pe ìyá rẹ̀.

Kí n má purọ́ fún ọ: Monílọ́lá kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìdáríjì Ọlọ́run kò ní kí ọgbẹ́ ìyá jinná lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Pius fúnra rẹ̀ dúró níwájú ìjọ, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ìgò abẹ́ ewé sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò fẹnu kan ọtí mọ́.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, mo mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu rẹ. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọdé mu ohun tí kò ní ọtí nínú? Ìbéèrè Pius nìyẹn, ó sì fi sá fún Ọlọ́run fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ rẹ kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Ìwọ ló ń kà. Kí ló ń rí kọ́ lára rẹ?

Bóyá ìwọ kì í tilẹ̀ mutí rárá. Irọ́ ńkọ́? Ìgbéraga ńkọ́? Ohun tí o ti bò mọ́lẹ̀ kí ìyàwó rẹ àti ìjọ rẹ má baà mọ̀ ńkọ́? Jésù ti rí i. Ó ti kú nítorí rẹ̀, ó sì ti jíǹde. Kò béèrè pé kí o jẹ́ ẹni tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ méjì péré láti ẹnu rẹ.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Pius fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ́mọ ní ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, lónìí, kí o sì sọ ọ́ fún Jésù kí dókítà kankan tó bi ọ́: "Èmi ni."