Bàbá Tí Wọ́n Ṣílẹ̀kùn Fún

Ọ̀rọ̀ tí Rukevwe sọ lọ́sàn-án Sátidé yẹn kò sí nínú eré. Dinah ló kọ eré náà fúnra rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tí kò mọ̀ sórí. Ibi tí wọ́n dé ni ibi tí bàbá ti ti ìrìn àjò dé, tí yóò sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ọmọ mi, mo ti padà wálé." Ṣùgbọ́n Rukevwe dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó yí ojú kúrò lára ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré, ó wo Dinah níbi tó jókòó sí, ó ní:

"Eyín Àgbàdo, o mà ti dàgbà."

Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ṣì í sọ ni. Dinah náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kọ̀ fún un. Ẹnì kan ṣoṣo ló pè é bẹ́ẹ̀ rí láyé, bàbá rẹ̀ ni, nígbà tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, tó tò wẹ́wẹ́ bí ọmọ àgbàdo tútù. Ìyá rẹ̀ kì í pè é bẹ́ẹ̀. Òun náà kò sì sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Ephraim, bàbá náà, jáde nílé nígbà tí Dinah kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, kò sì padà wá mọ́.

Ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Apapa ni Dinah ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di Sátidé, yóò kó àwọn ọmọ Amukoko, Olodi àti Badia jọ sí gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Olodi-Apapa, yóò máa kọ́ wọn ní eré, orin àti ijó. Ó ti ń ṣe é tipẹ́. Àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé bí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ Anti Dinah, kò sí ní ojú pópó lábẹ́ tírélà, kò sì sí nídìí igbó mímu. Eré ọdún yìí ló gbé sọ́kàn jù. Ìtàn bàbá kan tó bá ọkọ̀ òkun lọ, tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ń retí rẹ̀, tó sì dé lọ́jọ́ kan, tó kanlẹ̀kùn, tí ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Ohun tí ìyá Dinah sọ fún un láti kékeré nìyẹn: pé bàbá rẹ̀, tó ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, bá ọkọ̀ òkun lọ sókè òkun. Dinah kò sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń kọ ọ́ léré. Ó fẹ́ kó bá a lójijì, kó fi tu màmá náà nínú.

Àwọn ọmọkùnrin kò gbà láti ṣe bàbá, bọ́ọ̀lù ló wà lọ́kàn wọn. Rukevwe ló gbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, tín-ín-rín, ọmọ Urhobo, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè ní Badia. Yorùbá tirẹ̀, Yorùbá Ajégúnlẹ̀ ni, tó lọ́ mọ́ pijin bí okùn. Òun gan-an ló máa ń sọ fún pásítọ̀ pé, "Dádì, o ti jẹun?" tí gbogbo èèyàn á fi rín in. Ṣùgbọ́n láti Sátidé yẹn lọ, bó bá ti wọ agbádá eré, Yorùbá ẹnu rẹ̀ á mọ́ gaara, ahọ́n rẹ̀ á sì wúwo bíi ti ará Oǹdó. Oǹdó ni wọ́n ti bí Ephraim.

Dinah kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wò ó.

Ó rí i pé ọmọ náà ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún. Àpótí ẹrù já lé bàbá Dinah lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rí ní wọ́ọ̀fù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn títí tó fi lọ. Ó gbọ́ òórùn kan nígbà tó sún mọ́ ọn, òórùn aṣọ tí òjò pa tí wọn kò sá. Oṣù ọyẹ́ ni wọ́n wà. Ètè gbogbo àwọn ọmọ ló là, eruku sì bo fèrèsé gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fọwọ́ kan agbádá náà léjìká Rukevwe, ó tutù rinrin.

Peculiar, ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyàwó nínú eré, wá bá a lẹ́yìn ìdánrawò. Ó na apá rẹ̀.

"Anti, ẹ wo ọwọ́ mi. Rukevwe ló dì í mú. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ó kàn ń wò mí ni."

Ọrùn ọwọ́ ọmọ náà ti wú. Dinah fi òróró pa á, ó ní eré ọmọdé kì í ṣàì léwu díẹ̀. Bó ti ń sọ ọ́ ni ara rẹ̀ ń sọ fún un pé irọ́ lòun ń pa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá Rukevwe fúnra rẹ̀ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, èéfín ẹja ṣì wà lára rẹ̀, kò fẹ́ wọlé.

"Anti, abeg," ó ní. "My pikin no dey answer im name again. Bí mo pè é, ó máa wò mí bí ẹni wo àlejò. Ní àná, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ní kí n gbé oúnjẹ òun wá. Èmi, ìyá ẹ̀! Mo fẹ́ nà án, mo wo ojú ẹ̀, ẹ̀rù bà mí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ fún un ní nǹkan mìíràn ṣe. Ẹ jẹ́ kó máa jó. Ọmọ yẹn fẹ́ràn ijó."

Dinah wò ó. Ó mọ ohun tó yẹ kóun sọ.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà," ó ní. "Tí a bá ṣe eré yìí tán, mi ò ní fún un ní irú rẹ̀ mọ́. Ó kù díẹ̀."

Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó lọ tán, Dinah ní kí àwọn ọmọ yòókù máa lọ sílé, ó ní kí Rukevwe dúró. Ó fúnra rẹ̀ wọ agbádá náà sí i lọ́rùn. Ìtànṣán oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọlé láti ojú fèrèsé, fèrè tírélà ń dún lọ́nà Apapa. Ọmọ náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ lé orúnkún bí àgbàlagbà.

"Ṣé ẹ̀yin ni?" Dinah béèrè. Ó gbọ́ "ẹ̀yin" náà bó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀ sí ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

"Èmi ni."

"Níbo lẹ wà láti ọjọ́ yìí? Níbo lọkọ̀ náà gbé yín lọ?"

Rukevwe gbé ojú sókè. Ojú ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń ti inú rẹ̀ wòta kì í ṣe ọmọdé.

"Ọkọ̀ wo? Mo wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹnu ọ̀nà ibo?"

"Òjò náà kò tíì dá," ó ní. "Sọ fún ìyá rẹ kó ṣílẹ̀kùn."

Ó yẹ kí Dinah bọ́ agbádá náà kúrò lọ́rùn ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, kó sì dáná sun ún. Kò bọ́ ọ. Ẹkún ló ń sun. Ó di ọwọ́ kékeré tó tutù yẹn mú, ó ń pè é ní bàbá, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ọlọ́mọ ń yan ẹja ní Badia, ó ń retí ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Dinah mú ìyá rẹ̀, Màmá Philomena, jókòó síwájú pátápátá. Arúgbó jẹ́ẹ́jẹ́ ni màmá náà, aránṣọ tí kì í gbóhùn sókè. Bí eré ti bẹ̀rẹ̀, tó gbọ́ wọ́ọ̀fù, tó gbọ́ ọkọ̀ òkun, ó yíjú sí ibi tí Dinah dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé. Dinah rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Màmá kò rẹ́rìn-ín padà. Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ èèyàn pé kó má ṣe nǹkan kan.

Wọ́n dé ibi ilẹ̀kùn. Pákó fẹ́lẹ́ ni káfíńtà fi ṣe é, kò ní ohunkóhun lẹ́yìn ju aṣọ ìkélé lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Rukevwe kàn án láti ẹ̀yìn, ìró rẹ̀ dún bí ilẹ̀kùn ilé gidi tí èèyàn ń fi ẹ̀kúnwọ́ lù. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó wà níwájú sún sẹ́yìn. Ó tún kàn án. Màmá Philomena dìde dúró.

"Má ṣí i," ó ní. Kò pariwo, síbẹ̀ gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. "Ọmọ mi, má ṣílẹ̀kùn yẹn."

Peculiar rò pé ara eré ni. Ó ṣí i.

Rukevwe wọlé, ó ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún. Omi ń kán lára agbádá rẹ̀ sílẹ̀ ìtàgé, tó, tó, tó. Ó yẹ kó dì mọ́ ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n kọrin ìdúpẹ́. Ó gbá Peculiar lápá mú, ó lọ́ ọ sẹ́yìn. Peculiar ké. Ẹnì kan nínú èrò pàtẹ́wọ́, ó sì dáwọ́ dúró. Pásítọ̀ sáré gun ìtàgé, òun àti ọkùnrin kan dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì, apá wọn kò ká a. Ọmọ tí kò tó nǹkan! Ìyá Rukevwe ń sunkún lẹ́yìn, ó ń pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ọmọ kò wẹ̀yìn. Màmá Philomena ló ń wò.

"Philomena," ohùn náà wí, ohùn ọkùnrin. "Òjò yẹn tutù."

Màmá rìn lọ síwájú. Dinah kò gbọ́ ọ rí kó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Bàbá Dinah ló máa ń pè é, kódà lẹ́yìn tó ti lọ.

"Ephraim," ó ní. "Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Èmi lo ń bá jà."

Kò fi í sílẹ̀. Nǹkan kan dún nínú apá Peculiar.

Màmá di ojú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé àwọn tó wà níwájú nìkan ló gbọ́.

"Ó ti tó. Máa bọ̀ nílé."

Bí ẹni gé okùn ni Rukevwe ṣe ṣubú. Ìyá rẹ̀ gbé e lé orí itan, ó ń gbá a létí jẹ́jẹ́. Ọmọ náà lajú, ó wo èrò, ó wo agbádá ara rẹ̀.

"Mummy," ó ní, "why everybody dey look me?"

Dinah fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà kò dúró gbọ́. Ó pọn ọmọ ńlá náà sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, ó gba ojú rélùwéè lọ. Wọ́n gbé Peculiar lọ sí ilé ìwòsàn, egungun apá rẹ̀ ti dá.

Nílé wọn ní Amukoko, Màmá Philomena jókòó láìbọ́ aṣọ òde. Dinah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"O kéré," ìyá rẹ̀ ní. "Tí bàbá rẹ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà, mo máa ń gbé ọ lọ sọ́dọ̀ ìyá Tinú ní yàrá kejì, kí o má baà gbọ́. Adùn rẹ̀ nìkan ni mo jẹ́ kí o mọ̀."

"Màmá, ọkọ̀ òkun ńkọ́?"

"Kò sí ọkọ̀ òkun kankan. Òjò ọjọ́ yẹn, kánààlì kún, ó bo ojú ọ̀nà. Ó ti ibi ọtí dé. Ó kanlẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ ń bú mi, ó ń sọ ohun tó máa fi mí ṣe tó bá wọlé. Nígbà tó yá, ó ń bẹ̀ mí. Mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, mo gbé ọ mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Omi ti gbé e lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Kò sí àsìkò òjò kan tí kì í padà wá kàn án. Ìwọ máa ń sùn. Mi ò ṣí i rí, Dinah. Láti gbogbo ọdún yìí wá, mi ò ṣí i. Eré rẹ ló ṣí i."

"Ṣùgbọ́n ó ti lọ. Rukevwe ti pe ìyá ẹ̀, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ó ti lọ, Màmá."

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kan orí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Dinah jí, ó bá ìyá rẹ̀ níwájú dígí, tó ń fi pọ́dà pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò yára, kò sì ṣì í lò. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dunjú. Dinah sún mọ́ ọn. Àmì ìka ló wà lábẹ́ pọ́dà náà, ó pọ́n, ó wú, ìka náà sì tóbi ju ti obìnrin lọ. Àwọn méjèèjì nìkan ló sùn nínú ilé náà.

"Màmá! Kí lèyí?"

"Rọra sọ̀rọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó fa gèlè wálẹ̀, ó fi bo ẹ̀gbẹ́ ojú. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ lọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun jí.

"Máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú. Bí wọ́n bá béèrè mi, sọ fún wọn pé ilẹ̀ balùwẹ̀ ń yọ̀, mo ṣubú."